Ìbọn Ṣakabùlà àti Ọdẹ Tí Owó Rẹ̀ Kò Tó: Àyẹ̀wò Ìtàn Láti Agbègbè Wárì

Ìfáárà

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe yìí lónìí yóò mọ ohun tí ó ń kìlọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè pé kí ni apátí, bóyá ni yóò lè dáhùn. Apátí ni ibi tí ọdẹ ń fi ìka fà kí ìbọn tó dún. Ìbọn tí ọ̀rọ̀ náà bá rìn jù lọ kì í sì í ṣe ìbọn àwọn ṣójà òde òní. Ìbọn ṣakabùlà ni, èyí tí a ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta sí i nínú, tí àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà sì ń pè ní ìbọn àwọn ará Dẹ́nímáàkì títí di òní.

Àwọn onímọ̀ ìtàn ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìbọn gẹ́gẹ́ bí ohun èlò ogun. Ìwọ̀nba ni ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ pa ọ̀yà tàbí ẹtu, tí owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé òṣì ni ó so ọdẹ mọ́ ṣakabùlà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Kí ọdẹ tó ṣí àpò rẹ̀ láti wo iye tí ó wà níbẹ̀, àwọn àdéhùn àti òfin tí wọ́n ṣe ní ìlú tí kò dé rí ti yan ìbọn náà fún un. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

A mú Wárì ní àpẹẹrẹ nítorí pé ẹnu odò tí ìbọn gbà wọlé wà ní tòsí ibẹ̀, àti nítorí pé èdè Ìtsẹkírì, èdè àwọn oníṣòwò tí wọ́n gbé ìbọn náà kiri inú odò, jẹ́ ọmọ ìyá èdè Yorùbá. Ọ̀nà omi tí ó gba ilẹ̀ Ìlàjẹ kọjá so odò Ìbíní pọ̀ mọ́ ọ̀sà Èkó, ọjà àti ọ̀rọ̀ sì ń gba ibẹ̀ lọ, wọ́n ń gba ibẹ̀ bọ̀.

Bí ìbọn ṣe dé etí omi

Ní nǹkan bí ọdún 1486 ni àwọn Pọtogí dé Ìbíní. Ọba Ìbíní fẹ́ ìbọn lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n òfin ìjọ Àgùdà kò gbà kí ọmọ ìjọ ta ohun ìjà fún ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́. Ní ọdún 1514, Ọba Manuel ti Pọ́túgà kọ ìwé sí Ọba Ìbíní pé bí ó bá fi tọkàntọkàn gba ẹ̀sìn Kristi, kò sí ohun tí òun kò ní ṣe fún un, títí kan ọ̀rọ̀ ohun ìjà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà náà, ìbọn kì í ṣe ọjà bí aṣọ tàbí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tí ó ni í ń wo ojú ẹni tí ó fẹ́ rà á. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ní Ìbíní rí ìbọn náà dáadáa, wọ́n sì rọ ère Pọtogí tí ó gbé e dání. Lára àwọn ère wọ̀nyí wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Ìbíní ní ọdún 1897.

Ìjọba Wárì, tí ìtàn sọ pé Gínúwà ọmọ ọba Ìbíní tẹ̀ dó ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, sún mọ́ àwọn Pọtogí ju Ìbíní lọ. Atúwàtse Kìíní, ẹni tí àwọn Pọtogí ń pè ní Dom Domingos, ti kàwé ní Pọ́túgà kí ó tó di Olú ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn Pọtogí ni wọ́n sọ ìbọn di ohun tí ó kún ọjà. Àwọn ará Họ́láǹdì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dé lẹ́yìn wọn kò jẹ́ Póòpù ní gbèsè kankan. Ẹni tí ó bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ rà ni wọ́n ń tà á fún. Àkókò náà ni ìbọn olókùúta ìṣáná rọ́pò èyí tí a ń fi okùn oníná tan, ó sì rọrùn láti gbé wọ igbó. Onímọ̀ ìtàn ọmọ Nàìjíríà nì, Joseph Inikori, ṣírò nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1977 pé láàárín ọdún 1750 sí 1807, ìbọn tí ń wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún wà láàárín 283,000 sí 394,000. Àwọn kan ti jiyàn lórí iye náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jiyàn pé ó pọ̀.

Orúkọ Dẹ́nímáàkì tí ó lẹ̀ mọ́ ìbọn náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Òótọ́ ni pé àwọn ará Dẹ́nímáàkì ní odi ní Accra títí wọ́n fi tà á fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1850, wọ́n sì ta ìbọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni a ti rọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìbọn tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ yẹn. Yorùbá kò tilẹ̀ bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ Dẹ́nímáàkì. Ṣakabùlà ni wọ́n pè é, ó sì parí.

Nígbà tí epo pupa gba ipò ẹrú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òwò àwìn ni ó gbé ìbọn dé ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe ọba tàbí jagunjagun. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí wọ́n wà ní ẹnu odò Ìbíní, bí i Miller Brothers, a fún oníṣòwò Ìtsẹkírì ní ọjà láìgba owó: ìbọn, ẹ̀tù, iyọ̀, aṣọ, tábà, ọtí jíìnì. Oníṣòwò náà a fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Urhobo tí wọ́n ń fún epo, epo náà ni yóò sì fi san gbèsè rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ tí kò ní owó ẹyọ kan lọ́wọ́ lè di onííbọn bí ó bá ní igi ọ̀pẹ àti ọwọ́ tí yóò fún epo. Ṣùgbọ́n ìbọn tí oníṣòwò bá gbé dé ni yóò gbà. Àṣàyàn ti parí ní ẹnu odò.

Ìbọn tí òfin fi sílẹ̀

Nínú oko ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí ó yẹ kí a dúró sí pẹ́ díẹ̀ ni àdéhùn tí àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí ní Brussels ní ọjọ́ kejì oṣù keje, ọdún 1890. Nígbà náà, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Yúróòpù ti pa ìbọn olókùúta tì láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ìbọn tí a ń ti ìdí ki ọta sí ni ó kù tí wọ́n ń lò. Snider ti wọ ọwọ́ ṣójà Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1866. Ogun Kírìjì (1877 sí 1893) ti fi han ẹni tí ó bá lójú ohun tí irú ìbọn yẹn lè ṣe. Ṣakabùlà ni ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ tí ó wà ní Èkó fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn, ìró rẹ̀ láàárín òkè ni a sì fi sọ ogun náà lórúkọ. Bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú, ṣakabùlà yìí kan náà ni ohun tuntun nígbà tí àwọn Ìjẹ̀bú gbé e ko àwọn Òwu, àwọn tí Samuel Johnson sọ pé àdá ni wọ́n gbójú lé.

Àdéhùn Brussels fi òfin de títa ìbọn tuntun fún àwọn ènìyàn dúdú ní gbogbo ilẹ̀ tí ó wà láàárín ìlà 20 ní àríwá àti ìlà 22 ní gúúsù. Ohun tí ó yọ sílẹ̀ ni ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ dán, tí kò ní ìlà yíyí, àti ẹ̀tù lásán tí wọ́n ń fi ṣòwò. Ìrònú wọn kò ṣòro láti mọ̀. Èyí tí kò lè dojú kọ ṣójà ni kí wọ́n máa tà. Àánú àwọn ẹrú ni wọ́n kọ sí iwájú ìwé náà, kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí ìbọn ni àwọn akónilẹ́rù ń lò. Síbẹ̀, ọdẹ tí kò kó ẹnikẹ́ni lẹ́rú rí bá ara rẹ̀ nínú òfin náà.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan Nánà Olomu. Nánà ni olórí òwò Ìtsẹkírì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn sì ti gbà á ní Gómìnà odò Ìbíní ní ọdún 1884. Nígbà tí ó di pé agbára rẹ̀ ń dí wọn lọ́wọ́, wọ́n gbé ogun ojú omi lọ sí ìlú rẹ̀, Ebrohimi, ní ọdún 1894. Ẹrẹ̀ àti igi ẹ̀gbà odò dáàbò bo ìlú náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó ṣubú ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án. Àgbá tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní 100, ìbọn sì wà ní ọgọ́ọ̀rọ̀, pẹ̀lú ẹ̀tù tí ó kún ilé. Nánà gba ọ̀nà omi sá lọ sí Èkó, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì lé e lọ sí Gold Coast. Ọdún 1906 ni ó tó padà. Ó kọ́ ilé sí Koko, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1916. Ilé náà di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Láti ìgbà náà lọ, ìjọba ni ó ń pinnu ẹni tí yóò ní ìbọn àti irú èyí tí yóò ní. Òfin ohun ìjà ti ọdún 1959, tí ó jáde nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, tẹ̀lé ipasẹ̀ kan náà. Ó pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta: èyí tí ènìyàn lásán kò gbọdọ̀ ní rárá, èyí tí ó lè ní bí a bá fún un ní ìwé-àṣẹ, irú ìbọn ọlọ́ta oníṣọdẹ olówó, àti èyí tí a ń ti ẹnu kì, tí òun náà ń fẹ́ ìwé-àṣẹ ṣùgbọ́n tí a kà sí ohun kékeré. Ìsọ̀rí kẹta ni ti mẹ̀kúnnù.

Ọdẹ níwájú ìbọn

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe orí ìbọn ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Pàkúté, àdá àti ajá ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀, àpò ọ̀gá rẹ̀ ni ó sì ń gbé kiri. Bí àkókò ìbọn bá tó, ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú rẹ̀: kí ó jogún, kí ó rà á lọ́wọ́ oníṣòwò, tàbí kí ó tọ alágbẹ̀dẹ lọ.

Ogún kò gba owó, ṣùgbọ́n ó lè gba ojú tàbí ọwọ́. Ẹ̀tù tí ó bá jó nínú ìbọn a fi èérí sílẹ̀, èérí náà a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, irin a sì dógùn-ún. Ní ilẹ̀ àbàtà bí ti Wárì, níbi tí òjò kì í jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìbọn tí a kò bá nù kí a sì fi epo pa lẹ́yìn ìgbà tí a yìn ín yóò tètè jẹ láti inú wá, níbi tí ojú kò rí. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kì í bá nu ìbọn kò jogún nǹkan kan.

Ti oníṣòwò ńkọ́? Ohun tí ó yẹ kí olówó kékeré wò ni àmì tí ó wà lára irin. Liège ti ń dán ìbọn wò láti ọdún 1672. Òfin ọdún 1813 sì dá ilé ìdánwò sílẹ̀ ní Birmingham, níbi tí a ti ń fi ẹ̀tù tí ó ju ìwọ̀n lọ yin irin ìbọn kí a tó fi àmì sí i. Ọdẹ lè má mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n àmì kì í ṣe ìwé. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe máa tan iná sí ẹ̀tù. Ìbọn olókùúta a máa ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ dún nígbà òjò, nítorí pé ẹ̀tù díẹ̀ ní láti wà ní ìta létí rẹ̀, omi a sì kàn án. Ìbọn oníkápù, èyí tí a ń fi ìdérí bàbà kékeré bọ̀ lẹ́nu ihò, kò bìkítà fún òjò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣọdẹ létí odò Wárì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ sí ti oníkápù. Ṣùgbọ́n kápù kan, ìró kan. Bí ó bá tán, ó di ọjà. Òkúta kan náà a máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà púpọ̀. Ọdẹ tí ọ̀nà ọjà rẹ̀ jìn, tí owó rẹ̀ sì ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà epo, mọ ìdí tí òun fi ń fara da òkúta.

Gígùn ìbọn náà ń fa ọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ẹ̀tù òwò kì í yára jó, irin gígùn sì ń fún un láyè láti ti ọta dáadáa. Ìyẹn ni àǹfààní rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé irú rẹ̀ la àárín ìtàkùn kọjá ni yóò sọ ewu rẹ̀. Bí ó ti wù kí ó gùn tó, ọdẹ tí ó bá yìn ín sí ẹran tí ó jìnnà ju 50 yáàdì lọ ń fi ẹ̀tù ṣòfò ni, nítorí inú irin tí ó dán kò lè mú ọta lọ tààrà. Inú dídán yìí kan náà ni ó jẹ́ kí tálákà lè lò ó, ṣá: òjé ni o, wóróworo irin ni o, gbogbo rẹ̀ ni ó ń gbà.

Ẹ̀tù ni ìnáwó gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń ra ìbọn. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀tù ń tán. Àdó tàbí ìwo tí a fi ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdérí tí ó há, ìhá ẹyìn tàbí àkísà ni a sì ń kì lé e lórí nínú ìbọn kí ọta má bàa yọ dànù. Àpò awọ, gbérí ọdẹ, àdá àti ọ̀bẹ kò wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tàbí kí ó tọrọ. Fìtílà kábáìdì, tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí omi díẹ̀ ń mú kí ó tàn lórí ọdẹ lóru, jẹ́ ìnáwó mìíràn; síbẹ̀, fún ẹni tí ń fi ọ̀sán ro oko, fìtílà ni ó sọ ìbọn di ohun tí ń mówó wọlé. Ní àwọn ibi tí odò ti pọ̀, ọkọ̀ ojú omi náà wà nínú ẹrù ọdẹ, ó sì lè ṣáájú ìbọn pàápàá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tù yìí ní ohun tí ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ kíyè sí. Ẹni tí ó ní ìró kan ṣoṣo, tí yóò sì dúró kì í lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ẹran ti sá lọ, kò lè ṣe àṣìṣe. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìrìn ẹran, oúnjẹ rẹ̀, ibi tí ó ń sùn, bí ó ti ń dún nígbà tí ẹ̀rù bà á. Adébóyè Babalọlá fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1966 lórí ìjálá bí oríkì àwọn ẹran ti kún fún irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. A máa ń ka ìmọ̀ náà sí ẹ̀bùn Ògún tàbí adùn ohùn lásán. Ó dà bí ẹni pé ọ̀wọ́n ẹ̀tù wà nínú ohun tí ó pọ́n ọn mú.

Ọ̀rọ̀ tí ìbọn fi sílẹ̀ nínú èdè

Èdè Yorùbá gba ẹ̀tù yìí wọlé sí ibi tí ààyè há. Ẹtu ni ẹran inú igbó. Ẹtù ni ẹyẹ tí aṣọ olówùú dúdú nì fi jọ ọ́. Ẹ̀tù ni ohun tí a ń kì sí ìbọn. Ọdẹ lè fi ẹ̀tù pa ẹtù àti ẹtu ní ọjọ́ kan náà, kí ohùn nìkan sì jẹ́ ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ fún ọ̀lẹ tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, kí ó má wá a lọ jìnnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdẹ ń ki ìbọn, tí ó tún ń ki ẹran tí ó fi ìbọn náà pa. Bí orísun wọn tilẹ̀ yàtọ̀, létí ẹni tí ń gbọ́ ìjálá, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Apátí ni ó ń kú lọ. Inú òwe nìkan ni ọ̀pọ̀ ti ń bá a pàdé.

Alágbẹ̀dẹ

Nígbà tí ìbọn ilẹ̀ òkèèrè wọ́n, alágbẹ̀dẹ ni ó gba ipò oníṣòwò. Àwọn alágbẹ̀dẹ Awka ti ń rìn kiri láti ìgbà pípẹ́, wọ́n ń tún ìbọn ṣe, wọ́n sì ń rọ tuntun. Àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yorùbá náà kò sì kẹ̀rẹ̀. Páìpù omi tàbí irin tí a fi ń darí ọkọ̀ ni a máa ń rí nídìí irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé alágbẹ̀dẹ kò mọṣẹ́, bí kò ṣe pé ẹni tí ó ṣe páìpù náà kò ní ìbọn lọ́kàn, kò sì sí ilé ìdánwò tí yóò fi àmì sí i. Nígbà tí irin bá là, ojú ẹni tí ó gbé e sí èjìká ni ó ń là sí. Èyí ni owó tí tálákà ń san níbi tí ó rò pé òun ti rí ọjà pọ́ọ́kú.

Ohun mìíràn tún wà tí ìbọn náà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà gbé ṣakabùlà jáde nítorí owó orí, láti ìgbà náà ni ojú tí ìjọba fi ń wo ìbọn oko ti yí padà. Ní Wárì, ìjà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1997 lórí ibi tí olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ yóò wà, láàárín Ogbe-Ijoh àti Ogidigben, tí ó tún ru sókè ní ọdún 2003, kó ìbọn tí ó lágbára ju ti ọdẹ lọ wọ inú odò. Ọdẹ tí a bá bá ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò ní àǹfààní láti fi ọ̀yà tí ó pa ṣe ẹlẹ́rìí. Ìwé-àṣẹ ni wọn yóò béèrè.

Orúkọ mẹ́ta ni ó wà ní ìsọ̀rí kẹta òfin ọdún 1959: ìbọn Dẹ́nímáàkì, ìbọn olókùúta, ìbọn oníkápù. Èyí tí alágbẹ̀dẹ fi páìpù omi rọ kò ní orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀.